Wọ́n Ń Wọn Ìwo, Wọn Kò Wọn Ọdẹ

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tí ó sì ro ìyà, bí ó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wá sí wa lọ́kàn nígbà tí oníṣòwò kan bi wá léèrè pé kí ni ó mú kí àwọn ará Amẹ́ríkà máa san ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là nítorí ìwo ẹran, nígbà tí ó jẹ́ pé àwa a máa da ìwo nù sí ààtàn lẹ́yìn tí a bá ti se ẹran tán. Ìbéèrè ọkùnrin náà kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. Bí a bá sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dá a lóhùn, a ó tàn án jẹ ni, nítorí pé ní orílẹ̀-èdè náà gan-an àwọn ọdẹ kò fi ohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀ràn yìí. Àwọn kan gbà pé ìwo ni a ń torí rẹ̀ wọ igbó. Àwọn kejì wí pé ọdẹ ṣíṣe fúnra rẹ̀ ni èrè: òwúrọ̀ kùtùkùtù, ipasẹ̀ lórí ilẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ẹran tí a rí àti ẹran tí ó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ti àwọn kejì yìí ni àwa ń ṣe, a kò sì ní fi ìdí rẹ̀ pamọ́.

Kí a tó máa lọ, ó yẹ kí a mọ ẹran tí à ń sọ. Nígbà tí àwọn baba ìjọ ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, àgbọ̀nrín ni wọ́n pè é, a kò sì rí orúkọ tí ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ títí di òní. Ṣùgbọ́n bí a bá mú àgbọ̀nrín tiwa àti tiwọn dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a ó rí i pé wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Àgbọ̀nrín igbó wa, ẹbí ẹtu àti ẹfọ̀n ni; ìwo rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, kò ní ẹ̀ka, kì í sì í já títí ẹran náà yóò fi kú. Ti Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń pè ní onírù-funfun nítorí pé a máa gbé ìrù sókè bí àsíá funfun nígbà tí ó bá ń sá lọ, ìwo tirẹ̀ pẹ̀ka bí igi tí ewé rẹ̀ ti wọ́ dànù. Akọ ni í hu ú. Egungun ni ìwo náà í ṣe, láti inú wá. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ òtútù bá lọ tí igi bá ń rúwé, a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú awọ rírọ̀ kan tí irun wẹ́wẹ́ bò bí aṣọ àrán, ẹ̀jẹ̀ a sì máa ṣàn nínú awọ náà. Bí ó bá di September, awọ gbẹ, ẹran a sì máa fi ìwo ha ara igi títí awọ náà yóò fi bọ́ tán. Ní November ni àwọn akọ ń fi í bá ara wọn jà nítorí abo. Kí ìgbà òtútù tó parí, ìwo méjèèjì já bọ́ sílẹ̀, ẹran náà di alórí pípá bí ìyàwó rẹ̀, ó sì tún di ìrúwé kí òmíràn tó yọ. Bí akọ bá pé ọdún 5 títí dé 7, tí ó sì rí oúnjẹ jẹ ní ilẹ̀ ọlọ́ràá, ìgbà náà ni ìwo rẹ̀ í tóbi jù. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé ohun tí olówó gbé kọ́ ara ògiri, iṣẹ́ oṣù bíi mélòó kan péré ni lára ẹran.

Ta ni ó wá kọ́kọ́ gbé òṣùwọ̀n lé e? Ní 1887, Theodore Roosevelt, ẹni tí ó di Ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1901, kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ Boone and Crockett sílẹ̀. Ọlọ́rọ̀ ni wọ́n, ọdẹ sì ni wọ́n. Ní àkókò náà ẹran ń tán lọ nínú igbó Amẹ́ríkà, nítorí àwọn tí ń pa á fún títà ẹran àti awọ kò mọ ìwọ̀n. A gbà pé nígbà tí yóò fi di 1900, àgbọ̀nrín onírù-funfun tí ó kù ní gbogbo ilẹ̀ náà kò ju bí 500,000 lọ. Àwọn ọdẹ wọ̀nyí wà lára àwọn tí ó jà fún òfin. Ní 1900 ni wọ́n ṣe òfin tí a ń pè ní Lacey Act, tí ó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti kó ẹran ìgbẹ́ tí a pa lòdì sí òfin láti ìpínlẹ̀ kan lọ tà ní òmíràn. Ní 1922 wọ́n ṣí ilé kan sílẹ̀ nínú ọgbà ẹranko ti Bronx ní New York, tí ó kún fún orí àti ìwo, wọ́n sì yà á sọ́tọ̀ fún ìrántí àwọn ẹranko ńlá tí ń parẹ́ ní ayé. Ẹ kíyè sí i dáadáa: bí ẹni tí ń tọ́jú fìlà baba rẹ̀ tí ó kú ni wọ́n ṣe kó ìwo jọ. Wọ́n rò pé ẹran yóò tán, kí àmì rẹ̀ má baà tán pẹ̀lú. Ìwé ìwọ̀n àkọ́kọ́ jáde ní 1932, ètò ìwọ̀n tí a ń lò títí di ìsinsìnyí sì jáde ní 1950. Ẹran kò tán mọ́. Òfin mú un padà, ó sì tó 30 mílíọ̀nù lónìí. Ṣùgbọ́n ìwé ìwọ̀n kò padé.

Bí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n kò ṣòro láti sọ. A ó mú tẹ́ẹ̀pù, a ó wọn gígùn ọ̀pá ìwo àti ti ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, a ó wọn àyíká rẹ̀, a ó wọn àlàfo tí ó wà láàárín méjèèjì, a ó sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́jọ ínṣì. Bí ti ọ̀tún bá gùn ju ti òsì lọ, wọ́n a yọ ìyàtọ̀ náà kúrò, bí ẹni pé aránṣọ ni ó rán ẹran náà tí kò gé apá ẹ̀wù rẹ̀ dọ́gba.

Nínú gbogbo ìtàn ìwo, èyí tí a fẹ́ràn jù lọ ni ti James Jordan. Ní November 1914, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 22, ó jáde pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ìtòsí ìlú Danbury ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Òjò dídì ti bo ilẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pa abo kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì gbé e lọ sí ilé. Ṣùgbọ́n ojú Jordan ti bá ipasẹ̀ akọ ńlá kan, kò sì lè fi í sílẹ̀. Ó tọ̀ ọ́ títí ó fi dé ẹ̀bá ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin. Níbẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń bọ̀, tí ó sì fọn fèrè. Ẹran tí ó dùbúlẹ̀ nínú koríko gíga gbé orí sókè láti wo ohun tí ń ké, ìwo rẹ̀ sì yọ gedegbe. Jordan yìnbọn, ó tún yìnbọn, ẹran fi ọgbẹ́ sá lọ. Nígbà tí yóò fi wo àpò rẹ̀, ọta kan ṣoṣo ni ó kù. Ó tọ ẹ̀jẹ̀ lọ títí dé odò tí wọ́n ń pè ní Yellow, ó bá ẹran náà níbi tí ó ti ń là á kọjá, ó sì fi ọta tí ó kù yìí parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ó san dọ́là 5 fún ọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títọ́jú orí ẹran fún àgbékọ́. Ọkùnrin náà kó kúrò ní ìlú, orí ẹran sì bá a lọ. Ọdún 10 kọjá, 20 kọjá, 40 kọjá. Ẹnìkan wá rí ìwo náà níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù àlòkù ní ìlú Sandstone ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ó sì fi dọ́là 3 rà á. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ 206 àti ìdá kan nínú mẹ́jọ. Nínú irú ẹran yìí tí ìwo rẹ̀ dọ́gba, wọn kò tíì rí èyí tí ó tó o ní gbogbo ayé. Ó sì ṣẹlẹ̀ pé ẹni tí ó rà á jẹ́ ìbátan Jordan láti ọ̀nà jíjìn. Ó gbé e lọ han bàbá náà ní 1964, Jordan sì mọ̀ ọ́n ní ojú kan náà. Ta ni yóò gbà á gbọ́? Ní 1968 wọ́n ta ìwo náà fún ẹlòmíràn ní dọ́là 1,500. Nínú ìwé ìwọ̀n, wọ́n kọ ọ́ pé a kò mọ ọdẹ tí ó pa á, wọ́n sì fi Sandstone ṣe ibi tí a ti pa á, ìyẹn ni pé ọjà tí a ti rà á ni wọ́n kọ ní ipò igbó rẹ̀. December 1978 ni ẹgbẹ́ náà tó gbà pé Jordan ni ó pa á ní Wisconsin. Ó ti kú ní October ọdún kan náà, ọmọ ọdún 86.

Ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó ni ẹran yẹn nínú àwọn wọ̀nyí? Ẹni dọ́là 3 ní ìwo lọ́wọ́. Ẹni dọ́là 1,500 ní ìwo lọ́wọ́. Jordan kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ fún ọdún 50 gbáko, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí nínú wọn tí ó lè sọ bí fèrè ọkọ̀ ti dún, tàbí bí àyà ọdẹ ti í rí nígbà tí ọta bá ku ọ̀kan. Ipò àkọ́kọ́ tí ìwo náà wà pàápàá, ó ti bọ́ lọ: ní 1993 ni àgbẹ̀ kan ní Saskatchewan, ní ilẹ̀ Kánádà, pa èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 213 àti ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ.

Ní Wisconsin kan náà títí di òní, ọjọ́ 9 ni ìgbà ìbọn fún àgbọ̀nrín, ní ìparí November. Àwọn tí ó ń gba ìwé àṣẹ ju 500,000 lọ. Dókítà wà níbẹ̀, awakọ̀ wà níbẹ̀, obìnrin àti ọ̀dọ́ wà níbẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn a wọ aṣọ tí ó mọ́ yànràn bí ọsàn tí ó pọ́n, kí ọdẹ má baà yìnbọn fún ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹran kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ àwọ̀ náà yàtọ̀. (Ọdẹ tiwa tí ó bá rí wọn yóò kọ́kọ́ rò pé egúngún ni.) Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti gun orí àga tí wọ́n so mọ́ igi, bí àwọn baba wa ti í gẹ̀gùn de ẹran. Òtútù a máa wọ egungun. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀gá níbẹ̀, nítorí imú ẹran náà mú púpọ̀púpọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá yí padà láti ẹ̀yìn ọdẹ lọ sí ọ̀nà tí ẹran yóò gbà, kí ó kúkú sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ a rìn lórí ewé gbígbẹ, ariwo rẹ̀ a sì dún bí ti akọ ńlá. Oòrùn a yọ. Bóyá kò ní sí ohun tí yóò wá.

Nínú àwọn tí ó jáde fún ọjọ́ 9 yìí, ó ju ìdajì lọ tí kì í pa ohunkóhun. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò: ọjà wo ni ènìyàn yóò ná títí tí ó ju ìdajì àwọn tí ó wá lọ yóò padà lọ́wọ́ òfo, tí gbogbo wọn yóò sì tún dé ní ọdún tí ó ń bọ̀ pẹ̀lú ọmọ wọn? Ìwo kò lè jẹ́ ìdáhùn. Ẹran jíjẹ gan-an kò lè jẹ́ ìdáhùn tán, nítorí pé òfin kò gbà kí ọdẹ ta ẹran àgbọ̀nrín tí ó pa ní igbó. Ẹ wò ó bí ó ti yàtọ̀ sí ọ̀nà márosẹ̀ tiwa, níbi tí a ti ń fi ẹran ìgbẹ́ kọ́ orí igi de onímọ́tò! Níbẹ̀, ọdẹ a jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìdílé rẹ̀, a fún aládùúgbò, láti 2000 sì ni Wisconsin ti ní ètò tí ọdẹ lè fi yọ̀ǹda ẹran fún àwọn tí ebi ń pa.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì ṣàjèjì sí àwa náà bí a bá ronú. Nígbà tí àwọn ọdẹ wa bá péjọ tí ìjálá bá gba ẹnu, kí ni wọ́n ń kì? Ẹni tí ó bá ka iṣẹ́ tí Adébóyè Babalọlá tẹ̀ jáde lórí ìjálá ní 1966 yóò rí i pé oríkì ẹranko kún inú rẹ̀: ìrìn ẹran, ojú rẹ̀, ìwà rẹ̀, ọgbọ́n tí ó fi ń tan ọdẹ. Oníjàálá kì í mú ọ̀pá ìwọ̀n jáde. Ohun tí ó ń kọ, ohun tí ojú rí ní igbó ni, ẹni tí kò bá wọ igbó kò lè kọ ọ́ dé ibi tí ó dùn. Kódà àwọn ẹbí wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Cuba, tí wọ́n sì ń bọ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì títí di òní, a máa fi ìwo àgbọ̀nrín ẹlẹ́ka ti ilẹ̀ ibẹ̀ sí ojúbọ rẹ̀ pẹ̀lú ọfà onírin. Nítorí pé ọdẹ ni òrìṣà náà ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀, a kò sì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè iye ínṣì rẹ̀.

Bí ó bá ṣe pé ìgbéraga nìkan ni ó wà nínú ìfẹ́ ìwo, a ìbá dákẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti ṣe igbó ní ibi. Ní 1915 Wisconsin ṣe òfin pé akọ oníwo kan ni ọdẹ lè pa ní ọdún, abo di èèwọ̀. Òfin rere ni ní ìgbà náà. Ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, ìkookò tí ì bá dín in kù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àwọn ọdẹ sì ti fi èèwọ̀ náà ṣe ẹ̀sìn, tí ó fi jẹ́ pé ojú olè ni wọ́n fi ń wo ẹni tí ó bá pa abo. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940, ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú kan, tí Aldo Leopold jẹ́ olórí rẹ̀, wọ inú igbó àríwá lọ ní ìgbà òtútù. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni Leopold ní Yunifásítì Wisconsin, ẹ̀kọ́ nípa ẹran ìgbẹ́ ni ó ń kọ́ni. Wọ́n bá òkú ọmọ àgbọ̀nrín kiri, ikùn wọn kún bámúbámú fún ewé tí kò lè bọ́ wọn. Ebi ni ó pa wọ́n pẹ̀lú ikùn kíkún. Gbogbo ewé tí ẹnu lè tó lára igi ni wọ́n ti jẹ tán, ọ̀dọ́ igi kò sì lè dàgbà mọ́.

Leopold wí pé a gbọ́dọ̀ pa abo. Ní 1943, ọdún tí ó di ọ̀kan nínú àwọn kọmíṣọ́nà tí ń ṣàkóso igbó ìpínlẹ̀ náà, wọ́n yọ̀ǹda ọjọ́ mélòó kan fún ẹran tí kò ní ìwo, ẹran tí wọ́n sì pa ní ọdún náà lé ní 120,000. Ariwo sọ. Wọ́n pe ọdún náà ní ọdún ọ̀daràn, wọ́n bú u nínú ìwé ìròyìn, ó sì tó ọdún mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó tún dá àṣà pípa abo wọlé. Ojú tí ó ti mọ́ ìwo lára kò rí ẹran mìíràn mọ́ ní igbó. Leopold kú ní April 1948, nígbà tí ó ń bá aládùúgbò rẹ̀ pa iná tí ó ń jó koríko. Ìwé rẹ̀, A Sand County Almanac, jáde ní 1949. Ọdẹ ni òun náà, ọrun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ni ó sì fẹ́ràn láti máa lò. Nínú ìwé náà ó fi ohun tí ọdẹ gbé wálé wé ìwé ẹ̀rí, pé olúwarẹ̀ lọ sí ibì kan, ó sì ṣe nǹkan níbẹ̀. Ó tún wí pé ọdẹ kò ní èrò ìwòran nínú igbó tí yóò pàtẹ́wọ́ fún un tàbí tí yóò hó lé e. Ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ nìkan ni adájọ́.

Lónìí ó ti di ohun tí a lè ra ìwé ẹ̀rí náà láìlọ sí ibì kankan. Àwọn kan fi wáyà gíga yí ilẹ̀ ká, wọ́n ń sin akọ àgbọ̀nrín bí a ti í sin màlúù, wọ́n ń yan bàbá fún un, wọ́n ń bọ́ ọ títí ìwo rẹ̀ yóò fi wúwo ju bí ẹran igbó ti lè gbé lọ. Oníbàárà a san ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là, a yìnbọn, a gbé orí lọ. Ẹgbẹ́ Boone and Crockett kì í gba irú ìwo bẹ́ẹ̀ sínú ìwé rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Òwò yìí ní ewu mìíràn. Ní 1967 ni a kọ́kọ́ rí àrùn kan lára ẹran tí a há mọ́ ní Colorado, àrùn tí í sọ ẹran di egungun lásán, tí itọ́ a máa dà lẹ́nu rẹ̀ títí yóò fi kú. Kò ní oògùn, iná ìdáná kò sì lè pa ohun tí ó ń fà á. Ó ti dé ìpínlẹ̀ tí ó ju 30 lọ. Ẹran igbó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e kiri, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ń kó ẹran ọgbà láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn ti bá a rin ìrìn àjò tí ẹsẹ̀ ẹran kò lè rìn. A kò tíì rí ẹ̀rí pé ó mú ènìyàn.

A kò bá gbogbo ẹni tí ó fẹ́ràn ìwo jà o. Ẹnìkan wà tí ó jẹ́ pé akọ àgbà nìkan ni ó ń wá. Yóò jẹ́ kí ọ̀dọ́ akọ mẹ́wàá kọjá ní ìsàlẹ̀ igi rẹ̀, yóò sì padà sí ilé lọ́dọọdún lọ́wọ́ òfo. Onísùúrù ni, ó mọ igbó ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìwo kékeré wà tí ó gùn bí ìka ọwọ́, tí bàbá àgbà gbé kọ́ ògiri nítorí pé òun ni àkọ́pa ọmọ rẹ̀. Ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ oníwọ̀n, yóò rẹ́rìn-ín. Ẹ béèrè iye tí bàbá náà yóò tà á, ẹ ó gbọ́ èsì.

Ní ti oníṣòwò wa, bí ó bá jẹ́ ìwo lásán ni ó ń wá, kò nílò ìbọn. Ní March, nígbà tí òjò dídì bá ń yọ́, àwọn ọmọdé a máa rìn ká igbó Amẹ́ríkà láti ṣa ìwo tí ó já bọ́. Wọ́n ń ta á ní ìwọ̀n pọ́ùn. A fi ṣe èèkù ọ̀bẹ, a sì ń gé e fún ajá láti máa họ. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá rí ṣà, eku àti ọ̀kẹ́rẹ́ ni í jẹ ẹ́.